Ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù: Láti Ọjọ́ Mẹ́tàlá dé Wákàtí Mẹ́fà Ààbọ̀

Láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ èdè ni àwọn ará ilé wa ní Ẹdẹ ti gbà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀. Bí mo bá lọ sílé fún ìsinmi, wọn a bi mí nípa oògùn, wọn a bi mí nípa òfin, wọn a sì tún bi mí nípa iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìyá mi àgbà ni ó bi mí. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ń ṣa ẹ̀wà tí a óò sè ní ọjọ́ kejì. Ó ní:

"Àkànní, Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ̀gbọ́n rẹ wà yìí, báwo ni ó ṣe jìnnà tó?"

Mo dáhùn kíá pé, "Ìyá, ó tó 5,000 kìlómítà láti Èkó."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Èmi kò mọ kìlómítà. Ọjọ́ mélòó ni?"

Mo ní, "Kò tó ọjọ́ kan, ìyá. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni bàálù fi ń débẹ̀."

Ìyá àgbà gbé àwo ẹ̀wà kúrò ní itan rẹ̀. Ó ní, "Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀? Kí ló wá dé tí ẹ̀gbọ́n rẹ kò fi wálé láti ọdún márùn-ún?"

N kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yìí ni ó mú mi máa wá ìtàn ọ̀nà náà kiri, tí mo fi ń bi àgbà léèrè, tí mo sì ń ṣí ìwé. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má rẹ́rìn-ín ìyá àgbà. Bí àwọn baba wa ti ń wọn ọ̀nà ni òun náà ṣe wọ̀n ọ́n. Yorùbá àtijọ́ kò fi okùn wọn ọ̀nà tí ó ti ìlú kan dé òmíràn. Ẹsẹ̀ àti oòrùn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọn a ní, "Ìrìn ọjọ́ méjì ni," tàbí, "Bí o bá gbéra nígbà tí àkùkọ kọ, oòrùn yóò ti kan àtàrí kí o tó débẹ̀." Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tí ń wọ bàálù lónìí ti padà sí ìwọ̀n àtijọ́ náà láìmọ̀. N kò tíì rí èrò kan tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé tí ó sọ fún mi pé òun rin 5,000 kìlómítà. Wákàtí ni gbogbo wọn ń kà.

Ìlú Ẹdẹ gan-an, ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn wà nínú ìtàn bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ dó. Àwọn àgbà sọ pé Aláàfin Ọ̀yọ́ ni ó rán Tìmì Àgbàlé, ọlọ́fà iná, pé kí ó lọ máa ṣọ́ etí ilẹ̀ náà. Ẹni tí a bá rán lọ sí ọ̀nà jíjìn kì í pẹ́ kí ó tó di ẹni ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Tìmì di alágbára ní Ẹdẹ, tí Aláàfin fi ní láti rán Gbọ̀nkáà lọ bá a. Nígbà tí ayé òyìnbó dé, ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Ẹdẹ wà lójú ọ̀nà náà. Láti ìgbà náà ni ará Ẹdẹ ti lè wọ rélùwéè nínú ìlú rẹ̀ kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Èkó, létí òkun tí ó lọ sí Ìlú Ọba.

Bí àbúrò ìyá àgbà ṣe lọ nìyẹn. Ọkùnrin ni, àwa ọmọ ilé sì ń pè é ní Bàbá Ìlú Òyìnbó. Ní 1961 ni ó wọ rélùwéè ní Ẹdẹ pẹ̀lú àpótí páànù kan àti gàrí inú àpò. Ní Àpápá ni ó ti wọ Aureol, ọkọ̀ ojú omi funfun tí ilé-iṣẹ́ Elder Dempster fi ń kó èrò láàárín Èkó àti Liverpool láti 1951. Ọkọ̀ náà a máa yà ní Takoradi, a yà ní Freetown, a yà ní Las Palmas, kí ó tó forí lé Liverpool. Bí ọjọ́ mẹ́tàlá ni gbogbo rẹ̀. Bàbá a máa sọ fún wa pé ní ọjọ́ kẹta ni òun kò rí ilẹ̀ mọ́, ní ọjọ́ kẹwàá ni òun kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òtútù.

Bàbá kò tíì pé ọdún kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ìyá tí ó bí òun àti ìyá àgbà fi kú. Wọ́n sin ín ní Ẹdẹ, wọ́n ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ lẹ́tà. Ní 1965 ni Bàbá padà wálé, ó sì lọ sí ojú oórì. Ìyá àgbà sọ fún mi pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tí ó bi í pé kí ló dé tí kò wá sin ìyá rẹ̀. Ta ni yóò bi í? Òkun wà láàárín wọn, òkun náà ni ó sì gba ẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú ti wà kí Bàbá tó wọ Aureol. Ní 1925 ni àwọn ọmọ ogun òfurufú Ìlú Ọba kọ́kọ́ fò láti Cairo dé Kánò. Ní 1936 ni ilé-iṣẹ́ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà àti èrò láti Khartoum wá sí Kánò, nígbà tí ọdún náà yóò sì fi parí, ọ̀nà náà ti dé Èkó. Ẹ kíyè sí Khartoum. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó nígbà náà ní láti kọ́kọ́ lọ sí ìhà ìlà oòrùn títí dé ilẹ̀ Sudan, kí ó tó wá yí orí padà sí ìwọ̀ oòrùn. Bí a bá tilẹ̀ fa ìlà tí ó tọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Khartoum, kí a sì tún fa òmíràn láti Khartoum dé Èkó, àròpọ̀ wọn lé ní 8,000 kìlómítà. Bẹ́ẹ̀ 5,000 ni ọ̀nà tààrà. Kí ni ìdí rẹ̀? Epo tí àwọn ọkọ̀ kékeré ìgbà náà lè gbé kò tó láti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ibi tí epo wà ni ọ̀nà ń gbà, ìyẹn ni ọ̀nà fi wọ́.

Ogun Hitler wá sọ ọ̀nà Khartoum yìí di ọ̀nà pàtàkì. Láti 1940, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹ̀yà ara bàálù ogun wá sí Takoradi, wọ́n ń tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀, àwọn awakọ̀ sì ń fò wọ́n gba Èkó, Kánò àti Maiduguri kọjá lọ sí Khartoum, kí wọ́n tó dé Cairo níbi tí ogun gbé wà. Ìgbà tí ogun parí ni a tó mọ̀ pé ojú ọ̀run ilẹ̀ wa ti di títì. Ní 1946, Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia da owó pọ̀, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú West African Airways sílẹ̀. Nígbà tí Ghana gba òmìnira tí ó sì ya tirẹ̀ sọ́tọ̀, Nàìjíríà náà ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní 1958, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Nigeria Airways.

Ní 1950 ni BOAC, ilé-iṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, mú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Hermes wá sí ọ̀nà náà. Èyí la aṣálẹ̀ kọjá: láti Lọ́ńdọ̀nù ó yà ní Tripoli, láti Tripoli ó yà ní Kánò, láti Kánò ó dé Èkó. Ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé aṣálẹ̀ ti di ohun ìṣeré, kí ó gbọ́ èyí. Ní oṣù Karùn-ún 1952, Hermes kan gbéra ní Tripoli ní òru, Kánò ni ó ń lọ. Àṣìṣe bá àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe sí kọ́ḿpáàsì, ọkọ̀ náà sì yà díẹ̀díẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Kánò kò sí níbẹ̀, epo sì ń tán lọ. Inú aṣálẹ̀ ilẹ̀ tí a ń pè ní Mauritania lónìí ni ó balẹ̀ sí. Gbogbo èrò rẹ̀ ni ó yè nígbà tí ó balẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ kú nínú oòrùn aṣálẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣìnà lórí ilẹ̀ lè bi ẹlẹ́gùsí tí ó ń bọ̀ láti oko. Ta ni ẹni tí ó ṣìnà lókè yóò bi?

Nígbà tí ó di 29 oṣù Kẹrin 1964, ohun ńlá kan ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Ní ọjọ́ náà ni ọkọ̀ tuntun kan tí ń jẹ́ VC10 kọ́kọ́ gbé èrò tí ó san owó. Ìlú wo ni ó kọ́kọ́ gbé wọn lọ? Kì í ṣe New York, kì í ṣe Paris. Èkó ni, láti Lọ́ńdọ̀nù. Kò sì ṣe kòńgẹ́. Nítorí àwọn ìlú bíi tiwa gan-an ni wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà. Bí oòrùn bá mú, afẹ́fẹ́ a fúyẹ́, kì í lè gbé ìyẹ́ ọkọ̀ dáadáa, ọkọ̀ a sì ní láti sáré jìnnà kí ó tó gbéra. Àwọn pápá ọkọ̀ òfurufú Áfíríkà ìgbà náà kò gùn. Nítorí náà ni àwọn tí ó ṣe VC10 fi kó ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìdí ọkọ̀, kí ìyẹ́ lè wà lómìnira láti gbé e sókè kíákíá.

Ní 1964 kan náà, ìtàn Tìmì fúnra rẹ̀ wọ bàálù. Dúró Ládípọ̀ àti àwọn òṣèré rẹ̀ láti Òṣogbo gbé eré Ọba Kò So lọ sí Berlin ní Jámánì, wọ́n sì tún gbé e lọ sí Ìlú Ọba ní 1965. Nínú eré náà ni Tìmì àti Gbọ̀nkáà gbé ń dojú kọ ara wọn. Nígbà náà, Ọba Adétóyèṣe Láoyè, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú ìlù lílù, ni ó wà lórí ìtẹ́ Tìmì ní Ẹdẹ. Mo máa ń rò ó nínú ara mi: ìtàn tí ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀yọ́ dé Ẹdẹ ni ó wá fi wákàtí díẹ̀ dé ìlú àwọn Jámánì, tí ìlù sì bá a lọ.

Ọ̀nà náà kò ṣàì gba ẹ̀mí. Ní 20 oṣù Kọkànlá 1969, VC10 ti Nigeria Airways tí ó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó yà ní Rome àti Kánò, já nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó balẹ̀ ní Èkó. Èèyàn 87 ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tí ó yè. Síbẹ̀ àwọn èèyàn kò ṣíwọ́ wíwọ bàálù. Nígbà tí ó di 1972, Aureol kò lọ sí Liverpool mọ́, Southampton ni ó ń lọ. Ní 1974 ni ó sì kúrò lójú ọ̀nà náà pátápátá. Ní 1979 ni wọ́n ṣí ilé èrò tuntun ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Murtala Muhammed. Nigeria Airways fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní 2003. Ní 30 oṣù Kẹta 2024, Air Peace, ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọ̀nà náà fúnra wa, kí a má kàn gba ohun tí a kọ sínú ìwé. Bí a bá fi okùn yí ayé ká láti òkè dé ìsàlẹ̀, okùn náà yóò gùn tó 40,000 kìlómítà. Àwọn onímọ̀ pín in sí 360. Èkó wà ní 6 ààbọ̀ sí òkè láti àárín ayé. Lọ́ńdọ̀nù wà ní 51 ààbọ̀. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 45, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́jọ ti 360. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ti 40,000 sì ni 5,000. Ìdí tí ìṣirò náà fi rọrùn ni pé Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí òkè orí Èkó gan-an. Bí èèyàn bá dojú kọ àríwá ní Èkó, tí ó ń lọ láìyà, Lọ́ńdọ̀nù ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ìdí kan náà ni aago wọn kò fi yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa: wákàtí kan ni ní ìgbà òtútù wọn, kò sì sí ìyàtọ̀ rárá ní ìgbà ooru. Bàálù òde òní ń sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí a bá pín 5,000 sí 900, wákàtí márùn-ún ààbọ̀ àti díẹ̀ ni a óò rí. Àkókò tí ó fi ń gòkè, tí ó fi ń sọ̀ kalẹ̀, àti afẹ́fẹ́ tí ó ń dojú kọ ọ́ ni ó sọ ọ́ di mẹ́fà ààbọ̀. Nínú ọjọ́ mẹ́tàlá tí Bàábá lò lórí òkun, bàálù lè fi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ rin ọ̀nà náà nígbà 48.

Síbẹ̀, ìlà tààrà yìí kò sí lọ́wọ́ awakọ̀ nìkan. Ọ̀nà náà gba orí ilẹ̀ Niger àti Algeria kọjá. Nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba ní Niger ní 2023, wọ́n ti ojú ọ̀run wọn pa ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, wọn kò sì ṣí i títí di oṣù Kẹsàn-án. Àwọn ọkọ̀ ní láti yí po, ìrìn-àjò sì gùn sí i. Ayé kò sún Èkó sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn sí i.

Ìgbà tí mo mọ èyí tán ni mo rò pé mo ti lè dá ìyá àgbà lóhùn. N kò ráyè. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ní oṣù Keje, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Ní aago márùn-ún ni bàbá mi fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Aago márùn-ún ni ní Lọ́ńdọ̀nù náà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù bí ẹni pé ó wà ní yàrá kejì. Ó bèèrè pé, "Aago mélòó ni ẹ óò sin ín?" Bàbá mi ní, "Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Mo mọ̀ pé ìṣirò ni ó ń ṣe. Bí bàálù bá wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní wákàtí náà, tí ó sì lè balẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹdẹ, ì bá dé kí wọ́n tó pe ìrun.

Ṣùgbọ́n bàálù kò sí ní ẹnu ọ̀nà. Ọkọ̀ ọjọ́ náà ti kún. Ó ní láti tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó ní láti yá owó kún owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ Sátidé ni ó rí ọkọ̀ wọ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí ó tó kọjá níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ìrìnnà wò. Kò sí bàálù láti Lọ́ńdọ̀nù tí ń balẹ̀ ní ẹkùn wa. Ó lé ní 200 kìlómítà tí ó kù fún un láti rìn lórí títì, àwọn ẹbí sì ní kí ó má rìn lóru. Ó sùn ní Èkó. Ní aago kan ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ó dé Ẹdẹ. Láti ìgbà tí fóònù dún dé ìgbà tí ó dúró létí sàréè jẹ́ wákàtí 56. Mẹ́fà ààbọ̀ péré nínú rẹ̀ ni ó lò lójú òfurufú.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àlejò ní ọjọ́ náà. Wọ́n ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Lọ́ńdọ̀nù yìí náà ni kò lè ti wá sin ín?" Àwọn tí kò bi Bàbá Ìlú Òyìnbó ní ìbéèrè kan nígbà náà lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ wọn ni ó ń dá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́jọ́. Òkun kò sí níbẹ̀ mọ́ láti gba ẹ̀bi.

Ní alẹ́, nígbà tí ilé dá, mo bi ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè tí ìyá àgbà bi mí: kí ló dé tí kò fi wálé láti ọdún márùn-ún? Ó ní ìwé ìgbélùú òun ni ó wà lọ́wọ́ ìjọba ọ̀hún, ẹ̀rù sì ń ba òun pé bí òun bá jáde, òun lè má rí ọ̀nà wọlé mọ́. Oṣù méjì ṣáájú ni ìwé náà tó tẹ òun lọ́wọ́. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni òun ń kó jọ fún oṣù Kejìlá, òun sì ti sọ fún ìyá àgbà pé òun ń bọ̀.

Mo rò pé èsì tí ó yẹ kí n fún ìyá àgbà nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ti ṣe ipa tiwọn: wọ́n ti sọ ọjọ́ mẹ́tàlá di wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Ìyókù ọ̀nà náà, láti ọwọ́ ẹni tí ń tẹ ìwé ìgbélùú títí dé títì tí ó wọ Ẹdẹ, kò sí lójú òfurufú, bàálù kò sì lè fò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí nísinsìnyí pé báwo ni Lọ́ńdọ̀nù ṣe jìnnà tó, n kò ní kánjú dáhùn mọ́. N óò kọ́kọ́ bi í pé ta ni ó ń lọ, kí ni ó sì wà lọ́wọ́ ẹni náà.